Odò Tí A Ṣírò Nínú Ilé Obì

Òórùn obì tí wọ́n kó pamọ́ sínú ewé tútù kò jọ òórùn mìíràn tí mo mọ̀. Ó korò díẹ̀ nímú, ó ní ọ̀rinrin bí ilẹ̀ tí òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ pa, àwọn apẹ̀rẹ̀ tí wọ́n kó o sí sì máa ń fi òórùn igi gbígbẹ tiwọn kún un. Ilé obì tó wà lẹ́yìn ilé wa ní Ibido, ní Ṣàgámù, kún fún òórùn yìí láti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún dé òpin rẹ̀. Ilé gígùn kan ni, páànù ni wọ́n fi bò ó, ilẹ̀ rẹ̀ jẹ́ sìmẹ́ńtì dídán, fèrèsé rẹ̀ sì ga sókè kí oòrùn má baà ta sí obì lára. Ibẹ̀ ni mo ti parí iṣẹ́ tó sọ mí di ẹnjiníà, ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1980, bó tilẹ̀ jẹ́ pé yunifásítì ló fún mi ní ìwé ẹ̀rí.

Yunifásítì ayé ìgbà yẹn kò rí bíi ti òde òní. Kọ̀ǹpútà kan ṣoṣo ni gbogbo ẹ̀ka wa ń lò. Ó tóbi tó yàrá kan, ẹ̀rọ amúlétutù sì ń fẹ́ sí i lára láti àárọ̀ dalẹ́ bí ẹni pé ọmọ tuntun ni. A kì í fọwọ́ kàn án. Orí káàdì la ti máa ń lu ihò, ihò kọ̀ọ̀kan dúró fún lẹ́tà tàbí nọ́ńbà, a ó fi rọ́bà di káàdì náà pọ̀, a ó tì í gba ojú fèrèsé kékeré kan fún ọkùnrin tó ń tọ́jú ẹ̀rọ, a ó sì padà wá gba èsì lọ́jọ́ kejì. Tí o bá ṣi ihò kan lù, odindi ọjọ́ kan ti lọ nìyẹn.

Èmi nìkan ni obìnrin nínú kíláàsì wa, iṣẹ́ àṣekágbá tí mo yàn sì ni èyí tí gbogbo wọn ń sá fún: lílo kọ̀ǹpútà láti ṣírò bí omi ṣe ń ṣàn. Wọ́n fún mi ní ojú omi kan tó ń lọ tààrà, tó wá yà bí ìgbà tí gọ́tà bá dé igun ilé. Mo ní láti sọ ibi tí omi yóò ti sáré àti ibi tí yóò ti rọra, láì bu omi kankan. Bí a ṣe ń ṣe é kò le tó bí orúkọ rẹ̀ ṣe dún. A ó pín ojú omi náà sí àpótí kéékèèké bí ojú ewé ìwé ìṣirò. A ó kọ òdo sí gbogbo etí bèbè kan, a ó kọ ọgọ́rùn-ún sí etí bèbè kejì. Àpótí kọ̀ọ̀kan tó wà láàárín yóò wo àwọn mẹ́rin tó yí i ká, yóò ro nọ́ńbà wọn pọ̀, yóò pín in sí mẹ́rin, ohun tó bá jáde ni yóò di tirẹ̀. Nígbà tí gbogbo wọn bá ti ṣe bẹ́ẹ̀, wọn yóò tún bẹ̀rẹ̀, lẹ́ẹ̀kan sí i àti lẹ́ẹ̀kan sí i, títí nọ́ńbà kankan kò fi ní yí padà mọ́. Ibi tí àwọn nọ́ńbà tó dọ́gba bá tò gbà, ojú ọ̀nà omi nìyẹn.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko ni kọ̀ǹpútà náà fi ń da èsì tí kò nítumọ̀ lé mi lọ́wọ́. Tí mo bá fi pẹ́ńsù so àwọn nọ́ńbà tó dọ́gba pọ̀, omi mi á gba inú bèbè kọjá bí ẹni pé kò sí nǹkan kan níbẹ̀. Mo dá ẹ̀rọ lẹ́bi. Mo dá ọkùnrin ojú fèrèsé lẹ́bi. Olùkọ́ tó ń tọ́ mi sọ́nà, ọkùnrin kúkúrú kan tó máa ń rọra sọ̀rọ̀ débi pé èèyàn ní láti sún mọ́ ọn kó tó gbọ́ ọ, wo ìwé náà, ó ní, “Lọ yẹ iṣẹ́ ara rẹ wò.” Kí n tó rí àyè yẹ̀ ẹ́ wò, ìjà bẹ́ sílẹ̀ láàárín àwọn akẹ́kọ̀ọ́ àti àwọn aláṣẹ, wọ́n sì ní kí gbogbo wa kó ẹrù wa kúrò nínú ọgbà.

Mo sáré lọ bá olùkọ́ mi ní ọ́fíìsì rẹ̀. Ó ní ọjọ́ tí a óò gbé iṣẹ́ wá kò ní yí padà nígbà tí wọ́n bá ṣí ilé ìwé, àti pé ẹni tí kò bá ní èsì yóò tún ọdún náà ṣe.

“Kọ̀ǹpútà ńkọ́, sà? Wọ́n ti tì í pa.”

“Àwọn èèyàn ti ń ṣe ìṣirò yìí kí ẹnikẹ́ni tó ṣe kọ̀ǹpútà,” ló wí. “Fi ọwọ́ ṣe é.”

Kabukábú tó gbé mi wá sí Ṣàgámù kún fọ́fọ́, orí itan mi ni mo sì gbé páálí káàdì mi lé títí mo fi délé, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò sí ẹ̀rọ kankan ní gbogbo Rẹ́mọ tó lè kà á. Ọ̀dọ̀ ẹ̀gbọ́n bàbá mi obìnrin ni mo ti dàgbà. Ìkẹ́nnẹ́ la ti wá, àmọ́ Ṣàgámù ló ti ṣiṣẹ́ tísà, ó sì ti jẹ́ ọ̀gá àgbà ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún kó tó fẹ̀yìn tì. Ọmọ ìjọ Mẹ́tọ́díìsì ni, kì í pẹ́ dé ibì kankan, gbogbo àdúgbò sì ń pè é ní Màmá Tísà. Kò bi mí ní ìbéèrè kankan lọ́jọ́ tí mo dé. Ó wo ojú mi, ó gbé oúnjẹ fún mi, ó ní kí n lọ sinmi.

Ọjọ́ mẹ́ta ni mo fi jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ pẹ̀lú ìwé fẹ̀rẹ̀gẹ̀dẹ̀ kan tí mo ti ya àpótí mẹ́rìndínlọ́gọ́rùn-ún sí. Ìyípo kan ń gba wákàtí kan àbọ̀ lọ́wọ́ mi, mo sì rò ó pé yóò tó ọgọ́rùn-ún ìyípo kí àwọn nọ́ńbà náà tó dúró. Tí mo bá ṣi ẹyọ kan rò, àṣìṣe náà á ràn mọ́ àwọn tó yí i ká, màá sì tún padà sẹ́yìn. Nígbà tó di ọjọ́ kẹta, ìwé náà ti lu níbi tí írésà ti gbá a jù. Mo gbé orí lé tábìlì, mo ń sunkún láì pariwo, ni mo bá gbọ́ tí Màmá Tísà fa àga sí ẹ̀gbẹ́ mi.

“Kí ni ìwé yìí ń béèrè lọ́wọ́ rẹ gan-an?”

Mo nu ojú mi. “Ẹ máa ro mẹ́rin tó yí ọ̀kọ̀ọ̀kan ká pọ̀, ma, ẹ ó wá pín in sí mẹ́rin.”

“Lẹ́yìn ìyẹn ńkọ́?”

“Ẹ ó tún un ṣe.”

Ó wọ awò rẹ̀, ó wo ìwé náà láti òkè dé ìsàlẹ̀. “Ìṣirò tí mo ń kọ́ àwọn ọmọ kíláàsì kẹta nìyí,” ló wí. “Ṣé torí èyí ni o ò ṣe jẹun láti àná? Ohun tó ń dà ọ́ láàmú ni pé o jẹ́ ẹyọ kan. Dìde, ká lọ rí Àlájà.”

Àlájà ló ni ilé obì ẹ̀yìn wa. Obìnrin gíga, dúdú, ni, oníṣòwò obì gbànja bíi ti ìyá rẹ̀, kò sì jókòó ní kíláàsì rí láyé rẹ̀, yàtọ̀ sí ilé kéwú. Àsìkò òjò ni, obì tuntun kò tíì jáde, nítorí náà èyí tí wọ́n tọ́jú láti ọdún tó kọjá ni àwọn obìnrin mẹ́jọ tó ń bá a ṣiṣẹ́ máa ń ṣà láràárọ̀: wọn á tú ewé, wọn á yọ èyí tí kòkòrò ti jẹ, wọn á fi ewé tútù pa á mọ́ padà. Nígbà tó bá máa fi di aago mẹ́wàá, iṣẹ́ ti tán, wọn á máa sọ̀rọ̀ àwọn èèyàn àdúgbò. Ìdajì ilẹ̀ ilé náà ṣófo sílẹ̀.

Mo ṣàlàyé fún Àlájà bí a ṣe lè pín ìṣirò náà láàárín àwọn obìnrin rẹ̀. Ó gbọ́ mi títí dé òpin, ó ní, “Ṣé odò lo fẹ́ ṣírò, àbí òdo?”

“Méjèèjì ni, ma.”

Ẹ̀rín pa á. Ó kọjú sí àwọn obìnrin náà, ó ní kí wọ́n gbé àwọn apẹ̀rẹ̀ sún mọ́ ògiri, kí wọ́n sì gbá ilẹ̀.

Lọ́jọ́ kejì, mo fi ṣọ́ọ̀kì ya ojú omi mi sórí sìmẹ́ńtì, àpótí kọ̀ọ̀kan fẹ̀ tó ẹsẹ̀ kan àbọ̀. Mo kọ òdo sí gbogbo bèbè inú, mo kọ ọgọ́rùn-ún sí gbogbo bèbè ìta. Obìnrin kọ̀ọ̀kan gba àpótí méjìlá, mo sì fún un ní ìwé pélébé kan tó sọ àwọn mẹ́rin tí ọ̀kọ̀ọ̀kan àpótí rẹ̀ yóò máa wò. Látinú káàdì mi ni mo ti da ìwé náà kọ. Ọ̀kan nínú wọn lóyún, oṣù rẹ̀ ti pé, kò lè bẹ̀rẹ̀. Ó so ṣọ́ọ̀kì mọ́ orí igi gígùn kan, ó ń kọ nọ́ńbà tirẹ̀ lórí ìdúró. Èmi ń pe ibi kọ̀ọ̀kan tí mo fi ṣọ́ọ̀kì ya ní àpótí, ṣùgbọ́n kò pẹ́ tí àwọn obìnrin náà fi yí i padà. Ilé ni wọ́n ń pè é, àwọn mẹ́rin tó yí i ká sì di aládùúgbò.

Pípín sí mẹ́rin fẹ́ẹ́ dá wa dúró ní òwúrọ̀ ọjọ́ náà, nítorí pé méjì nínú wọn kò kàwé rárá, nọ́ńbà nìkan ni wọ́n mọ̀ ọ́n kọ. Àlájà ló yanjú rẹ̀. “Ẹ dá a sí méjì,” ló wí, “kí ẹ tún dá ìdajì yẹn sí méjì.” Ó mú ilé kan ṣe àpẹẹrẹ: ogún, ogójì, ọgbọ̀n, àádọ́ta, ogóje nìyẹn, àádọ́rin, lẹ́yìn náà márùndínlógójì. Ó ṣe é lórí kí n tó mú bírò. Èyí tó bá ṣẹ́ kù tí kò pé ẹyọ kan, a gbà láti máa jù ú nù. Màmá Tísà lọ mú agogo ọwọ́ tí wọ́n fún un lọ́jọ́ tó fẹ̀yìn tì. Tó bá lù ú lẹ́ẹ̀kan, gbogbo wa á wo aládùúgbò, a ó sì ṣírò. Tó bá tún lù ú, a ó pa ti tẹ́lẹ̀ rẹ́, a ó kọ tuntun.

Mi ò tíì rí ibi tí ìṣirò ti dùn bẹ́ẹ̀ rí. Tí nọ́ńbà obìnrin kan bá fò sókè, á kígbe mọ́ ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ pé, “Ìwọ lo fà mí.” Èkejì á ní, “Èmi kọ́, ẹ bi onílé òkè.” Àwọn tó ti ń bá ara wọn ṣa obì láti ọdún mẹ́wàá wá ń dá ara wọn lẹ́bi lórí ẹ̀tọ́ ilé tí a fi ṣọ́ọ̀kì kọ́. Ẹni tó bá ṣi ìṣirò rò, Màmá Tísà á na ìka sí i, á ní, “Tún un rò,” obìnrin ọlọ́mọ mẹ́rin á sì tẹrí ba bí akẹ́kọ̀ọ́. Lọ́sàn-án, ìkọ́kọrẹ́ tó ti sè láti àárọ̀ á dé nínú ìkòkò, a ó jẹ ẹ́ ní ẹ̀gbẹ́ bèbè ìta, a ó sì ṣọ́ra kí a má da epo sínú odò. Ìyípo mẹ́wàá tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ là ń ṣe ní wákàtí kan. Ohun tí ì bá gbà mí ní ọjọ́ púpọ̀ ti fẹ́ẹ́ tán lọ́jọ́ kẹta.

Àmọ́ nígbà tí àwọn nọ́ńbà dúró, mo fi ojú tọ àwọn tó dọ́gba. Níbi tí odò ti yà, mo rí àbùkù kan náà tí kọ̀ǹpútà ti ń fi hàn mí fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Omi tún fẹ́ gba inú bèbè kọjá. Mo jókòó sórí apẹ̀rẹ̀ kan. Bí kì í bá ṣe ẹ̀rọ ló ṣe é, a jẹ́ pé èmi ni, mi ò sì mọ ohun tí mo ṣe. Màmá Tísà gbé agogo sílẹ̀.

Àlájà ló rìn lọ síbi tí odò ti yà, ó dúró bí ìgbà tó bá ń wo apẹ̀rẹ̀ obì kó tó sọ iye tó ti bàjẹ́ níbẹ̀. Ó ní kí wọ́n ka nọ́ńbà àwọn tó wà létí bèbè inú fún òun. Wọ́n kà á: mọ́kànlá, méjìlá, mẹ́rìnlá, méjìdínlógójì, mẹ́tàlá.

“Gbogbo ẹni tó múlé ti òdo ni kò ní nǹkan lọ́wọ́,” ló wí. “Níbo ni eléyìí ti rí tirẹ̀?”

Ilé obìnrin tó lóyún ni.

“Mo tún fẹ́ bi yín ní nǹkan,” ni Àlájà wí. “Láti àná ni mo ti ń wo aboyún yìí. Ẹ̀yin tó kù, ojú kan lẹ ń dúró sí tí ẹ fi ń rí aládùúgbò yín. Kí ló dé tó jẹ́ pé òun nìkan ló ń la odò já, tó ń lọ wo nọ́ńbà lódì kejì, kó tó padà wá kọ tirẹ̀?”

Obìnrin náà na ìwé pélébé rẹ̀ sókè. “Ohun tí Ẹnjiníà kọ fún mi ni mo ń ṣe.”

Mo gba ìwé náà. Dípò òdo tó wà ní ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, mo ti kọ ọ́ pé kó máa wo ilé kan tó wà ní ìparí ìlà tó ṣáájú, ní bèbè ìta níbẹ̀ lọ́hùn-ún, lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn ọgọ́rùn-ún. Mo sáré wọlé lọ tú páálí káàdì mi. Káàdì kan ni, ihò kan ni. Èmi ni mo lu ihò náà, láti ìgbà tí mo ti bẹ̀rẹ̀. Ẹ̀rọ olówó ńlá yẹn ti ń ṣe ohun tí mo ní kó ṣe gẹ́lẹ́ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, kò sì bi mí léèrè ìdí tí mo fi ń rán an kọjá odò. Èèyàn ló rí i pé ìrìn yẹn ti pọ̀ jù fún aboyún.

Nígbà tí mo padà dé pẹ̀lú káàdì náà lọ́wọ́, ẹ̀rín ni mo ń rín, omi sì ń bọ́ lójú mi. Mo kúnlẹ̀ níwájú Àlájà. Ó ní kí n dìde, pé sìmẹ́ńtì ò dáa fún orúnkún, kí n lọ tún ìwé aboyún kọ, kí iṣẹ́ tó kù lè yá.

Ní ọjọ́ kejì, lẹ́yìn ọ̀sán, agogo dún, gbogbo wa ṣírò, agogo tún dún, kò sí ẹni tó bẹ̀rẹ̀ láti pa nǹkan kan rẹ́. A tún un ṣe kó lè dá wa lójú. Nọ́ńbà mẹ́rìndínlọ́gọ́rùn-ún, kò sí èyí tó mira. Màmá Tísà fi ọwọ́ di ẹnu agogo. “Ó ti dúró,” ló wí. Mo ní kí wọ́n fún mi ní okùn tí wọ́n fi ń di apẹ̀rẹ̀, mo sì tẹ́ ẹ gba orí àwọn nọ́ńbà tó dọ́gba: okùn kan fún ogún, òmíràn fún ogójì, fún ọgọ́ta, fún ọgọ́rin. Okùn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin lọ tààrà, wọ́n sún mọ́ra ní igun inú níbi tí omi ti gbọ́dọ̀ sáré, wọ́n sì yà papọ̀. Kò sí èyí tó kan bèbè. Àwọn obìnrin náà dúró yí i ká. Ẹni tó lóyún ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Ó ní, “Odò ni lóòótọ́.” Ẹnìkan bẹ̀rẹ̀ orin, wọ́n sì jó yí odò náà po, Àlájà pẹ̀lú, Màmá Tísà pẹ̀lú agogo rẹ̀.

Òjò rọ̀ lọ́jọ́ tó tẹ̀ lé e, Àlájà sì ní ká lọ wò ó bóyá omi gidi gbà pẹ̀lú wa. Gọ́tà kan wà lẹ́yìn ilé obì tó yà gẹ́gẹ́ bí tèmi. A da èèpo obì sínú rẹ̀, a sì ń wò ó. Ó lọ bí okùn wa ṣe lọ, ó sáré ní igun inú bí a ṣe sọ. Ṣùgbọ́n bó ṣe kọjá igun náà tán, àwọn èèpo tó wà létí bèbè inú yípadà, wọ́n ń pòyì lójú kan, wọ́n tilẹ̀ ń padà sẹ́yìn. Kò sí nǹkan tó jọ ìyẹn nínú ìṣirò wa.

“Níbí, omi ò gbọ́ tìrẹ,” ni Àlájà wí.

Ó wù mí kí n fi bò. Màmá Tísà ti rí ojú mi. “Ohun tí o rí ni kí o kọ,” ló wí. Mo kọ ọ́, ojú ewé kan péré, mo sì ya àwọn èèpo tó ń pòyì sí i.

Wọ́n ṣí ilé ìwé. Mo lu ihò káàdì kan náà bó ṣe tọ́, mo tì í gba ojú fèrèsé, èsì sì jáde lọ́jọ́ kejì: nọ́ńbà orí sìmẹ́ńtì wa ni, ilé dé ilé, àfi ẹyọ kan níhìn-ín àti lọ́hùn-ún níbi tí a ti ju àṣẹ́kù nù. Olùkọ́ mi ka ìwé mi láti ìbẹ̀rẹ̀, ó dúró lórí ojú ewé tí èèpo obì wà. Mo rò pé ó fẹ́ bá mi wí. Ó ní ìṣirò wa kò ka bí omi ṣe ń lẹ̀ mọ́ bèbè sí, ìdí nìyẹn tó fi pòyì níbẹ̀. Ó wá rọra sọ pé, “Ojú ewé yìí ló dùn mọ́ mi jù. Ibí ni wàá ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ rẹ tó kàn.” Nígbà tí àwọn tó wá yẹ wá wò bi mí pé ẹ̀rọ wo ni mo fi ṣe èsì àkọ́kọ́, mo ní obìnrin mẹ́jọ, Àlájà kan àti agogo ilé ìwé. Wọ́n rẹ́rìn-ín títí. Lẹ́yìn náà wọ́n ní kí n ṣàlàyé, mo sì ṣàlàyé fún ohun tó ju wákàtí kan lọ. Mo yege.

Mo gbé ìwé èsì kọ̀ǹpútà náà wá sí Ibido. Àwọn obìnrin náà pagbo lé e lórí, kálukú ń wá ilé tirẹ̀, mo sì ń fi ìka tọ́ka sí i fún wọn. Ẹni tó lóyún ti bímọ, ọmọ náà wà lẹ́yìn rẹ̀. Àlájà bi mí pé ọjọ́ mélòó ni ẹ̀rọ náà fi ṣe é.

“Ìṣẹ́jú mẹ́rin, ma.”

Ó ronú sí i. “Ṣé ó rẹ́rìn-ín nígbà tó ń ṣe é?”

“Rárá, ma.”

“Ó mà ṣe o,” ló wí, ó sì padà sídìí obì rẹ̀.

Ó ti pẹ́ tí mo ti wà nídìí iṣẹ́ yìí báyìí. Ẹ̀rọ tó wà lórí tábìlì mi lè ṣírò ọ̀kẹ́ àìmọye ilé kí n tó mu omi tán nínú ife, ó sì ń fi àwọ̀ oríṣiríṣi yà á. Nígbà tí àwọn ọ̀dọ́ tó ń bá mi ṣiṣẹ́ bá gbé àwòrán tó rẹwà wá, mo máa ń ní kí wọ́n mú ilé kan ṣoṣo, kí wọ́n sọ fún mi ta ni aládùúgbò rẹ̀ àti ìdí rẹ̀. Wọ́n rò pé ọ̀nà ìkọ́ni ni. Kí n tó dé ilé obì yẹn, mo ti gbà pé ẹ̀kọ́ tí mo ń kọ́ ti yà mí sọ́tọ̀, pé kò sí ẹni tí mo lè bá sọ ọ́ nílé. Ọ̀sẹ̀ kan péré ló tú èrò yẹn ká. Mo pín ohun tó ń pa mí lẹ́kún sí ọ̀nà mẹ́jọ, mo fún àwọn èèyàn tó wà nítòsí mi, wọ́n sì dá a padà fún mi ní ayọ̀.